Àgọ́ Kan fún Ìgbà Ooru àti Ìgbà Yìnyín: Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe Wa, Láti Òru Òjò Dé −12°C

Aago 2 òru ni àbíkẹ́yìn wa fọwọ́ kàn mí pé, "Mọ́mì, ẹ̀gbẹ́ mi tutù." Mo rò pé ó tọ̀ sórí ẹní ni. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì, omi òjò ló ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, ó ti kó jọ sí igun àgọ́ bí ẹni da garawa omi síbẹ̀. Òru 3 la fẹ́ sùn nínú igbó yẹn, ní àárín ìgbà ooru. Òru 1 péré la lò, a palẹ̀ mọ́ nínú òjò, a sì gbé àwọn ọmọ padà sílé pẹ̀lú aṣọ tútù.

Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni gbogbo iṣẹ́ tí a ṣe láti òru yẹn títí dé òru tí àwa 5 fi sùn mọ́jú nínú àgọ́ kan náà, nígbà tí tẹmọ́mítà ìta ń fi −12°C hàn. Ó gbà wá tó ọdún 2 ààbọ̀. Mo kọ àwọn èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi sí i pẹ̀lú, torí àwọn gan-an ló jẹ wá lówó jù.

Àwa tí a ń lọ: èmi, bàbá àwọn ọmọ, àkọ́bí tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, èkejì tó jẹ́ ọmọ ọdún 8, àti àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún 4.

Àgọ́ náà: àlòkù, ẹni 6 ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀pá 3 ló gbé e dúró. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 3 sí mítà 2.7. Aṣọ rẹ̀ jẹ́ méjì: ti inú tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, àti ti òde tó ń lé òjò.

Ìpele 1: Wíwá ibi tí omi ń gbà wọlé

Ohun tó yẹ kí n ti ṣe kí a tó kúrò nílé ni mo wá ṣe nígbà tí a padà dé. Mo pa àgọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, àkọ́bí wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti máákà, mo sì fa rọ́bà omi. Ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n omi, mo ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú 5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí èèyàn bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi á ṣàn kọjá gbogbo ojú rírán lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní mọ èyí tó ń jò.

Ibi 11 lọmọ náà sàmì sí. 8 wà lójú rírán aṣọ òde, 2 jẹ́ ihò kéékèèké nílẹ̀ àgọ́, 1 sì wà níbi tí wọ́n rán ojú ọ̀nà ọ̀pá mọ́ aṣọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo ibi 11 yẹn kọ́ ló da omi sábẹ́ ọmọ mi. Tàpólì tí mo tẹ́ sábẹ́ àgọ́ ni. Mo ti rà á tóbi, inú mi sì dùn pé ó tóbi, ó yọ jáde ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 yíká. Òjò tó ń kán láti ara aṣọ òde bọ́ sórí etí tàpólì yẹn, ó sì gba orí rẹ̀ wọ abẹ́ àgọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ́n omi sí i kí n tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé e títí ó fi kéré sí ilẹ̀ àgọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 10 ni, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

Ìpele 2: Dídí ojú rírán, ẹ̀ẹ̀mejì

Irinṣẹ́: búrọ́ọ̀ṣì kékeré, àkísà mímọ́, ọtí ìnura, gọ́ọ̀mù ojú rírán, pọ́dà ara.

Gọ́ọ̀mù sílíkónì ni mo kọ́kọ́ rà torí pé òun ló wà nítòsí. Mo fi kun gbogbo ojú rírán, mo jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, mo fi èékánná kàn án, ó ṣí kúrò gbọọrọ bí èépá ojú egbò. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé oríṣi ìbora 2 ló wọ́pọ̀ lára aṣọ àgọ́, ti sílíkónì àti ti polyurethane, àti pé gọ́ọ̀mù sílíkónì kì í di polyurethane mú. Bí ẹ ṣe máa mọ tiyín: aṣọ onísílíkónì máa ń yọ̀ lọ́wọ́ níwájú àti lẹ́yìn; ti polyurethane máa ń dán ní ẹ̀yìn kan ṣoṣo, ilé iṣẹ́ sì sábà máa ń lẹ téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ojú rírán rẹ̀ láti inú. Tiwa jẹ́ polyurethane. Téèpù rẹ̀ ló ti gbó, tó ń ṣí.

Ọjọ́ 2 gbáko ni mo fi họ sílíkónì yẹn kúrò. Ẹ̀yìn náà ni mo ṣe é bó ṣe yẹ:

1. Mo bó téèpù tó ti ṣí, mo fi àkísà tí mo rẹ sínú ọtí ìnura nu ojú rírán, mo jẹ́ kó gbẹ.
2. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun gọ́ọ̀mù polyurethane ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó fẹ̀ kọjá ojú rírán ní sẹ̀ǹtímítà 1 lọ́tùn-ún lósì.
3. Mo dúró ní wákàtí 12, mo kun ún lẹ́ẹ̀kejì.
4. Nígbà tó gbẹ tán, mo wọ́n pọ́dà sí i, kí aṣọ má bàa lẹ̀ mọ́ra nígbà tí a bá ká a.
5. Ihò 2 tó wà nílẹ̀, mo gé aṣọ roboto tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6, mo fi gọ́ọ̀mù kan náà lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àti òde.

Ọ̀pá gọ́ọ̀mù 2 ló tán níbẹ̀. Mo tún fa rọ́bà omi fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ̀kán omi kan ò wọlé.

Ìpele 3: Ìgbà ooru kejì

Òru 4, òjò rọ̀ ní òru 2 nínú wọn, ilẹ̀ àgọ́ gbẹ. Èyí ò ní gba ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ohun tó yọ wá lẹ́nu ni ooru òwúrọ̀. Kí aago 7 tó lù, inú àgọ́ ti gbóná débi pé kò sẹ́ni tó lè sùn mọ́. Mo so tàpólì kejì sáàárín igi sókè àgọ́, mo fi àlàfo tó tó sẹ̀ǹtímítà 40 sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Àlàfo yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ́ tàpólì náà lé àgọ́ lórí tààrà, ṣe ni ooru tún pọ̀ sí i.

A pa àgọ́ sí ibi tó jìn sí odò ní nǹkan bíi mítà 60. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, torí ìdọ̀tí wa àti torí ẹranko tó ń wá mumi. Ihò ìgbọ̀nsẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 ni bàbá àwọn ọmọ ń gbẹ́ ẹ, wọ́n á sì bò ó padà. Omi mímu, a jẹ́ kó hó kutukutu fún ìṣẹ́jú 1. Bí ibi tí ẹ wà bá ga ju mítà 2,000 lọ, ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú 3. Oúnjẹ ò gbọdọ̀ sùn nínú àgọ́, títí kan bisikíìtì àpò àbíkẹ́yìn. Yíyẹ àpò wò lálaalẹ́ di iṣẹ́ èkejì, kò sì gbàgbé lálẹ́ ọjọ́ kankan.

Ìpele 4: Òtútù ń ti ilẹ̀ wá

Àwọn ọmọ ló ní kí a lọ nígbà yìnyín. Mo ti gbọ́n díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí: ẹ̀yìnkùlé la ti kọ́kọ́ sùn, ibi tí ilẹ̀kùn ilé wà ní ìṣísẹ̀ 20 péré.

3°C ni òru ọjọ́ yẹn, kò tilẹ̀ dì. Orí ẹní afẹ́fẹ́ ńlá tí a ń lò nígbà ooru la sùn sí, èyí tí wọ́n máa ń fi páǹpù fẹ́. Aago 1, ẹ̀yìn mi ti di bí òkúta. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì kún èyí tó wà lórí mi, kò yàtọ̀. Aago 3, gbogbo wa ti wọlé.

Láàárọ̀, mo ti tẹmọ́mítà bọ abẹ́ àpò ìsùn lórí ẹní náà: 6°C. Inú ẹní afẹ́fẹ́ ńlá ṣófo. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń yí káàkiri, ó ń gbé ooru ara lọ fún ilẹ̀. Ìhà àpò ìsùn tí ara wa tẹ̀ mọ́lẹ̀ sì ti pẹlẹbẹ, kò ní agbára kankan mọ́. Ibi ẹ̀yìn ni òtútù ti ń wọlé, èmi sì ń kó bùláńkẹ́ẹ̀tì lé àyà.

Wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà kan sára ẹní ìpàgọ́, R-value. Bó bá ṣe pọ̀ tó ni ẹní náà ṣe ń dí ọ̀nà òtútù ilẹ̀ tó. Bí ẹ bá tẹ́ ẹní 2 léra wọn, ẹ ro nọ́ńbà wọn pọ̀. Lórí yìnyín, mo fẹ́ kí tiwa ju 5 lọ.

Ohun tí mo ṣe:

Mo ra fóòmù ìdì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ́ yàrá ìṣeré ọmọdé, èyí tó ń wọ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60, ó nípọn ní mílímítà 12. Ilẹ̀ àgọ́ gba ìdì 5 ní gígùn àti 4 ààbọ̀ ní ìbú, nítorí náà mo ra 23, mo fi ọ̀bẹ mímú gé 3 nínú wọn sí méjì fún ìlà tó kẹ́yìn. Gbogbo ilẹ̀ àgọ́ bò láti ògiri dé ògiri. Èrè kan tí n kò retí: àwọn ọmọ ń fi ìbọ̀sẹ̀ rìn nínú àgọ́, ẹsẹ̀ wọn ò tutù.

Lórí rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹní afẹ́fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní òwú nínú, R-value 4 ààbọ̀. Fóòmù ló wà nísàlẹ̀, torí òun kì í jò. Bí ẹ̀gún bá gún un, kò sí ohun tó máa ṣe é.

Àpò ìsùn ńkọ́? Àṣìṣe mi tó wọ́n jù nìyí. Lára àpò tí wọ́n fi ISO 23537, ìlànà àgbáyé fún àpò ìsùn, dán wò, nọ́ńbà òtútù ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan ni ti ìrọ̀rùn: òtútù tí obìnrin lè sùn nínú rẹ̀ láìká ara kò. Ọ̀kan ni ti òpin: òtútù tí ọkùnrin lè fara dà bó bá ká jọ. Ẹ̀kẹta ni ti ewu, ìyẹn òtútù tí ẹni tó wà nínú àpò lè yè nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tó lè fi ara gbọgbẹ́ òtútù. Nọ́ńbà òpin ni wọ́n kọ gàdàgbà sí iwájú èyí tí mo rà fún ara mi, −10°C, òun ni mo sì gbà gbọ́. Ìrọ̀rùn rẹ̀ kò ju −3°C lọ. Èmi àti àkọ́bí ní láti ra òmíràn, tí ìrọ̀rùn rẹ̀ jẹ́ −14°C. Ìlànà yìí kò kan àpò ọmọdé rárá, nítorí náà àpò àgbà ni mo fún àwọn ọmọ 2 yòókù. Ó gùn jù fún wọn, àyè tó ṣófo níbi ẹsẹ̀ sì máa ń tutù. Mo fi okùn so ìsàlẹ̀ àpò náà níta, ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 20 sí ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ parí sí. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni mo ń sún okùn náà sísàlẹ̀.

A tún sùn sí ẹ̀yìnkùlé ní −2°C. Mo ti tẹmọ́mítà bọ abẹ́ àpò ìsùn: 17°C. Àbíkẹ́yìn sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìpele 5: Òjò inú àgọ́

Òru àkọ́kọ́ lórí yìnyín nínú igbó, −6°C. Mo ti gbogbo fèrèsé àgọ́ pa, mo sì kó yìnyín dí ìsàlẹ̀ aṣọ òde yíká, kí ooru wa má bàa jáde. Mo rò pé mo ń ṣe é fún ire wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo òrùlé inú ti funfun. Èémí ẹni 5 ló gòkè, tó kan aṣọ tútù, tó sì di ìrì dídì. Èkejì dìde jókòó, orí rẹ̀ kan òrùlé, gbogbo rẹ̀ sì já bọ́ lé wa lórí bí ìyẹ̀fun. Ara wa yọ́ ọ, àpò ìsùn rẹ. Ní òru kejì, àwọn àpò tó rẹ yẹn kò móoru mọ́. A padà sílé ní ọjọ́ tó yẹ kí a ṣì wà níbẹ̀.

Ìgbìyànjú 1: mo so ọ̀rá fífẹ̀ sábẹ́ òrùlé láti gba ìrì náà. Ọ̀rá kì í mu omi. Ṣe ni ó ń kán tó, tó, tó sí wa lójú.

Ìgbìyànjú 2: mo ra aṣọ ìbùsùn àlòkù 2 tó fẹ́lẹ́, tí wọ́n fi òwú àti pọliẹ́sítà hun pọ̀. Mo rán wọn papọ̀, mo gé e ní ìrísí òrùlé. Mo rán okùn kékeré mọ́ ọn níbi 9, mo sì fi so ó mọ́ àwọn òrùka tó wà nínú àgọ́, kó rọ̀ wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí òrùlé. Èémí ń gbà á kọjá, ó ń dì sí ara rẹ̀ àti sí òkè rẹ̀, kì í sì í já bọ́ lé wa. Láàárọ̀, a tú okùn 9 yẹn, a gbé e jáde pẹ̀lú ẹrù ìrì rẹ̀, a gbọ̀n ọ́n nù. Ìṣẹ́jú 4.

Ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni èyí tó rọrùn jù: fèrèsé òkè 2 máa ń wà ní ṣíṣí, bó ti wù kí òtútù pọ̀ tó, ìsàlẹ̀ aṣọ òde sì ga sí yìnyín ní sẹ̀ǹtímítà 10. Mo wọn ọ́n: nígbà tí a tì í pa, inú àgọ́ móoru ju ìta lọ ní dígírì 7, nígbà tí a ṣí i, ó jẹ́ dígírì 4. Dígírì 3 yẹn la fi ra ara gbígbẹ, mo sì fara mọ́ ọn.

Àwọn ọmọ tún máa ń kó orí bọ inú àpò, wọ́n ń mí síbẹ̀, ó ń rẹ. Mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní fìlà onírun àgùntàn àti ìborùn fún imú, mo sì ní ẹnu àti imú gbọ́dọ̀ wà níta. Fún àbíkẹ́yìn, mo fi okùn àpò náà fún un yíká ojú, kò le jù.

Ìpele 6: Èèkàn tí kò dúró

Èèkàn irin lásán ń yọ kúrò nínú yìnyín rírọ̀ bí ẹni fa abẹ́rẹ́ yọ nínú bọ́tà. A gbọ́ pé àwọn èèyàn máa ń ri àpò tí wọ́n kún fún yìnyín mọ́lẹ̀, a sì ṣe é: àpò kékeré 10, a ki yìnyín bọ̀ wọ́n, a so okùn àgọ́ mọ́ ọn, a rì í sí jíjìn sẹ̀ǹtímítà 30, a tẹ yìnyín mọ́ ọn, a dúró fún ìṣẹ́jú 30. Ó le bí kọnkéré.

Ó le jù. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ palẹ̀ mọ́, bàbá àwọn ọmọ fi ṣọ́bìrì wa wọn fún wákàtí kan ààbọ̀, àpò 2 ya, okùn 1 sì gé. Ojú okùn la so mọ́ àpò nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ti dì pọ̀.

Àtúnṣe: igi gbígbẹ tó gùn tó ọwọ́ mi la ń rì báyìí. A ká okùn yí igi náà lẹ́ẹ̀kan, a mú orí okùn méjèèjì wá sókè, a sì ta kókó rẹ̀ sí orí yìnyín. Tí a bá ń lọ, a tú kókó, a fa ẹ̀gbẹ́ kan, okùn yọ, igi dúró síbẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 la fi palẹ̀ mọ́.

Kí a tó pa àgọ́ rárá, gbogbo wa máa ń tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀, a sì fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí kó le. Nígbà tí a ò ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí mi àti orókún mi gbẹ́ kòtò sílẹ̀ lóru, kòtò náà sì dì bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí: ọ̀pá 3 àgọ́ yìí kì í ṣe ti ìjì yìnyín. A máa ń wo ojú ọjọ́, ibi tí igi ti dí afẹ́fẹ́ la ń lọ, a sì ń jìnnà sí igi tó ti kú tàbí tí ẹ̀ka rẹ̀ dá. A kì í pa àgọ́ sí ìsàlẹ̀ àfonífojì, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tútù ń ṣàn lọ lóru. Bí yìnyín bá ń bọ́, àgbà kan á dìde lóru láti gbọ̀n ọ́n kúrò.

Ìpele 7: Sítóòfù tó kọ̀

−8°C, aago 6 àárọ̀, àwọn ọmọ ń dúró de nǹkan gbígbóná. Sítóòfù gáàsì tí a fi ń dáná nígbà ooru tàn, ó mì, ó sì kú. Mo mi agolo, gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀.

Oríṣi gáàsì 3 ló wọ́pọ̀ nínú agolo: butane, isobutane àti propane. Butane tó wà nínú tiwa kì í di afẹ́fẹ́ mọ́ bí òtútù bá ti kọjá −0.5°C, ó wà níbẹ̀ bí omi. Isobutane ń ṣiṣẹ́ títí dé nǹkan bí −12°C, propane dé −42°C. Agolo tó po wọn pọ̀ á kọ́kọ́ fi èyí tó yá jáde jó, yóò sì ku butane nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, a gbé agolo náà sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Omi gbígbóná kọ́ o, kí ó má bàa bú. Ó jó tó láti se tíì. Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni sítóòfù tó ní rọ́bà gígùn àti páìpù kékeré tó gba inú iná kọjá, èyí tí wọ́n ṣe kí a lè dojú agolo rẹ̀ délẹ̀: gáàsì ń dé ibẹ̀ bí omi, ooru iná ló ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Ẹ má dojú agolo sítóòfù tí kò ní páìpù yẹn délẹ̀. Iná á bù sókè. Mo gé pákó pẹlẹbẹ sẹ̀ǹtímítà 25 sí 25, mo lẹ fọ́ìlì mọ́ ojú rẹ̀. Láìsí i, sítóòfù ń yọ́ yìnyín abẹ́ rẹ̀, ó sì ń dà nù pẹ̀lú ìkòkò.

Ìta la ti ń dáná, lábẹ́ tàpólì, nínú òtútù, nígbà gbogbo. A kì í gbé iná, èédú tàbí sítóòfù wọ inú àgọ́ láti móoru. Carbon monoxide, gáàsì olóró tí iná ń tú jáde, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, a sì máa pa ẹni tó ń sùn láì jẹ́ kó jí. Lórí èyí, n kò ní àyè fún àríyànjiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá wa lọ.

Yíyọ́ yìnyín: mo kọ́kọ́ ki ìkòkò kún fún yìnyín gbígbẹ, mo gbé e kaná, ìdí rẹ̀ jóná, omi ní òórùn èéfín. Ẹ máa bu omi ìka 2 sídìí ìkòkò kí ẹ tó kó yìnyín sí i. Yìnyín tuntun tó fúyẹ́, ìkòkò lítà 10 kì í mú ju omi lítà 1 lọ. Yíyọ́ ọ nìkan ń jẹ ooru tó lè gbé omi kan náà láti 0 dé 80°C. Gáàsì tó tó wa fún òru 4 nígbà ooru tán ní òru 2. Ìlọ́po méjì la ń gbé báyìí.

Ìpele 8: Ọmọlanke tí kò ní táyà

Fóòmù ìdì 23, àpò ìsùn 5 tó nípọn, gáàsì ìlọ́po méjì. Kò sí ẹ̀yìn tó lè gbé e. Mo ra ọkọ̀ ike tí àwọn ọmọdé fi ń yọ̀ lórí yìnyín, sẹ̀ǹtímítà 120 sí 45, láti sọ ọ́ di ohun tí àgbà á máa fà. Àbíkẹ́yìn ló sọ ọ́ lórúkọ: Ọmọlanke.

Ìgbìyànjú 1: okùn lásán. Nígbà tí a ń gòkè, ó dára. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, ó sáré gbá bàbá àwọn ọmọ ní kókósẹ̀, wọ́n sì ṣubú.

Ìgbìyànjú 2: páìpù ike omi 2, gígùn mítà 1.8, mo ki okùn gba inú wọn. Ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 2. Ní −9°C, ọ̀kan kan gbòǹgbò igi, ó fọ́ bí èèpo ẹyin. Òtútù ń sọ ike yẹn di ẹlẹgẹ́.

Ìgbìyànjú 3, èyí tí a ń lò:

1. Ọ̀pá alumíníọ̀mù oníhò 2, ìbú mílímítà 19, gígùn mítà 1.8.
2. Mo lu ihò mílímítà 8 sí iwájú ọkọ̀ níbi 2, sẹ̀ǹtímítà 4 sí etí, mo fi wáṣà ńlá sí inú àti òde kí ike má bàa ya.
3. Okùn mílímítà 6 gba inú ọ̀pá, ó wọ ihò, a ta kókó rẹ̀ sínú ọkọ̀.
4. Mo gbé àwọn ọ̀pá náà kọjá ara wọn bí lẹ́tà X, mo so wọ́n mọ́ra ní àárín ṣùgbọ́n n kò fún un pa. Orí wọn so mọ́ bẹ́líìtì ìbàdí tí mo gé lára àpò ẹ̀yìn tó ti gbó. Nígbà tí wọ́n kọjá ara wọn báyìí, ọkọ̀ ń yí tẹ̀lé ẹni tó ń fà á.
5. Lórí ilẹ̀ tó dagun, ẹ̀yìn ọkọ̀ ń yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi bóòtù de irin alumíníọ̀mù onígun 2, gígùn sẹ̀ǹtímítà 40, mọ́ abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì dúró.
6. Ihò 12 ní etí fún okùn rọ́bà tó ń di ẹrù mú.

Kílò 34 la kó sí i. Ẹrù wíwúwo wà nísàlẹ̀, ó sún díẹ̀ sẹ́yìn àárín. Ìgbà kan péré ló ti dà nù, ọjọ́ tí mo kó gáàsì sókè.

Òru tí a ṣiṣẹ́ fún

Ìgbà yìnyín tó tẹ̀lé e, ọjọ́ 3, òru 2. Ìrìn kìlómítà 3 sí ọ̀nà. A dé ní aago 1 ọ̀sán torí pé òkùnkùn ń tètè ṣú, iṣẹ́ tó gba wákàtí kan nígbà ooru sì ń gba méjì ààbọ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́.

Kí a tó sùn, ẹnì kọ̀ọ̀kan pààrọ̀ sí aṣọ tí a kì í wọ̀ fún iṣẹ́ kankan ju oorun lọ, títí kan ìbọ̀sẹ̀. Aṣọ tí a fi rìn, bó ti wù kó dà bíi pé ó gbẹ, òógùn wà lára rẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ike omi gbígbóná tí mo fi ìbọ̀sẹ̀ wé, ó gbé e sáàárín itan. Omi mímu òwúrọ̀, mo dojú ike rẹ̀ délẹ̀, torí òkè ni omi ti ń kọ́kọ́ dì, ẹnu rẹ̀ kò sì ní dí. Asẹ́ omi sùn nínú àpò mi; bí ó bá dì lẹ́ẹ̀kan, àwọn ihò tíntìntín inú rẹ̀ á fọ́, kò sì sí bí ẹ ṣe máa fojú rí i.

Aago 5 àárọ̀: ìta −12°C, inú àgọ́ −8°C, abẹ́ àpò àbíkẹ́yìn 15°C. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnu àti imú wọn nìkan ló wà níta, bí mo ṣe ní kí ó rí. Aṣọ òrùlé ti funfun, kò sí èyí tó já bọ́. Àkọ́bí la ojú, ó ní, "Mọ́mì, ilẹ̀ ti mọ́?" Mo ní rárá, ó yíjú padà, ó sùn.

Owó àti ohun tó kù

Bí mo bá pín gbogbo owó tí a ná sí ọ̀nà 10, àpò ìsùn kó 5, èyí tí mo ṣì rà sì wà nínú rẹ̀. Ẹní afẹ́fẹ́ kó 2. Sítóòfù tuntun kó 1. Àgọ́ àlòkù náà, gọ́ọ̀mù, fóòmù, aṣọ òrùlé, okùn àti Ọmọlanke lápapọ̀ ni 2 tó kù.

Síìpù ẹnu ọ̀nà ti ń há láti ìgbà tí yìnyín ti wọ eyín rẹ̀. Mo ti fi àbẹ́là pa á, ó yọ̀ fún ọjọ́ 1, ó tún há. Mo ti ra orí síìpù tuntun 2. Àgọ́ náà ṣì wà ní títẹ́ sórí okùn ní yàrá ẹ̀yìn, ó ń gbẹ. Ọjọ́ 3 ni mo máa ń fún un kí n tó ká a, torí ọdún kìíní ni mo ká a pẹ̀lú ọ̀rinrin, ebu sì mú igun rẹ̀ kan. Bí ó bá ti gbẹ, síìpù ló kàn.